Irin Tí Mo Pààrọ̀ Lára Ìbọn Lyle

Ẹ jókòó, ẹ̀yin ọmọ ẹgbẹ́. Ẹ gbé ife tíì yín sílẹ̀ ná. Mo mọ ohun tó wà lọ́kàn ọ̀pọ̀ yín. Ẹ ń wí nínú ara yín pé Vern Pascoe ń kú lọ, ó fẹ́ pín àwọn ìbọn rẹ̀, ẹ jẹ́ ká tètè débẹ̀ ká mọ ẹni tó máa mú èyí tó dára jù. Kò sí ìbọn tí mo fẹ́ pín lónìí. Ọ̀rọ̀ kan ni mo gbé wá, ó sì ti pẹ́ nínú mi débi tó fi ń rùn. Wọ́n ní bí irọ́ bá lọ fún ogún ọdún, ọjọ́ kan ṣoṣo ni òtítọ́ máa bá a. Tèmi ti lé lógún ọdún dáadáa, orí ibùsùn ọsibítù ni òtítọ́ sì ti bá a. Mo bẹ̀ yín, ẹ má dá mi lẹ́nu. Bí ẹ bá dá mi lẹ́nu pẹ́nrẹ́n, màá rí àyè sá, nítorí ojo ni mí, ẹ̀yin náà máa gbọ́ bí ojo mi ṣe tó.

Ẹ wo ẹ̀yìn gbọ̀ngàn yìí. Obìnrin tó jókòó lẹ́gbẹ̀ẹ́ ilẹ̀kùn yẹn, tí kò tíì bọ́ aṣọ nọ́ọ̀sì rẹ̀, Kerryn Tranter ni, ọmọ-ọmọ Lyle ọ̀rẹ́ mi. Ìyá rẹ̀, Denise, ló wà níwájú níhìn-ín. Gbogbo yín lẹ mọ Kerryn. Ẹ mọ̀ ọ́n sí ọmọ tó yìnbọn pa bàbá àgbà rẹ̀ ní pápá ìyìnbọn wa nígbà tó wà lọ́mọ ọdún mẹ́tàlá. Òun ló ní kí n wá sọ ọ́ níbí, nínú gbọ̀ngàn tí mo ti pè é ní òpùrọ́, níwájú àwọn tó gbọ́ ọ lẹ́nu mi. Kò pa Lyle. Èmi ni mo pa á.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ṣẹ̀ṣẹ̀ wọ ẹgbẹ́ ò tíì mọ bí àrùn ìbọn kíkójọ yìí ṣe máa ń mú èèyàn. Ẹ rò pé ìbọn kékeré lásán ni, èyí tí ológun fi ń kọ́ àwọn ọmọ ilé-ìwé, tí ọta rẹ̀ kò nípọn ju pẹ́ńsùlù lọ, tí abẹ́rẹ́ ìbọn máa ń gún ní etí ìdí dípò àárín. Òótọ́ ni, ohun ìṣeré ni lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn ogun. Àmọ́ ní ayé ìgbà tí èmi àti Lyle ń wọ ṣòkòtò péńpé, àwọn ilé-ìwé ní òfin kan nípa rẹ̀. Ìbọn ń gbé inú yàrá kan, irin-ìtì rẹ̀ sì ń gbé inú àpótí mìíràn tí wọ́n tì pa. Irin-ìtì ni irin tí a fi ń ti ọta wọ inú ìbọn. Bí kò bá sí i, ìbọn kò yàtọ̀ sí igi ìdáná. Ọgbọ́n wà nínú òfin náà. Ṣùgbọ́n nígbà tí wọ́n tú ẹgbẹ́ ológun ọmọ ilé-ìwé ká, tí wọ́n ń ta àwọn ìbọn, àwọn tó ń pín in kàn ń ki ọwọ́ bọ àpótí ni. Irin tó bá bọ́ sí wọn lọ́wọ́ ni wọ́n ń tì bọ ìbọn tó bá wà nítòsí. Nọ́ńbà kan náà ni wọ́n tẹ̀ sára ìbọn àti irin rẹ̀ níbẹ̀rẹ̀, àmọ́ nígbà tí wọ́n pín in tán, nọ́ńbà ara ìbọn ń sọ̀rọ̀ Ẹgbẹ̀rún Méjì, nọ́ńbà ara irin ń sọ̀rọ̀ Ẹgbẹ̀rún Márùn-ún. Láti ìgbà náà ni irú àwa wèrè yìí ti ń káàkiri ilẹ̀ Ọsirélíà, tí a ń yẹ ìdí irin onírin wò, bóyá a máa rí èyí tí wọ́n bí pọ̀ mọ́ ìbọn wa. Maureen ìyàwó mi, kí Ọlọ́run dẹ ilẹ̀ fún un, máa ń wí pé, “Vern, ká ní o wá mi báyìí lọ́dún tí mo kẹ́rù lọ sílé màmá mi ni, mi ò bá tètè padà.”

Ìbọn kan wà lọ́wọ́ mi tó jẹ́ pé òun ni mo fẹ́ràn jù. Wọ́n ṣe é ní ilé-iṣẹ́ ìbọn Lithgow ṣáájú ogun àgbáyé kejì, igi rẹ̀ ṣì ń dán, àmì ilé-ìwé wa wà lára rẹ̀. Irin rẹ̀ nìkan ni kì í ṣe tirẹ̀. Mo wá irin náà títí irun mi fi funfun. Lọ́jọ́ Àìkú kan, à ń nu ìbọn lórí tábìlì tó wà lẹ́yìn ilé ẹgbẹ́ yìí, mo gbé irin Lyle láti fi epo pa á, mo wo ìdí rẹ̀, mo tún un wò. Nọ́ńbà ìbọn mi ni. Ọ̀rẹ́ mi láti kékeré, tí a jọ jí ọsàn nínú ọgbà àlùfáà, ló ń fi irin ìbọn mi yìnbọn láti ìgbà yìí wá, èmi kò mọ̀.

Mo ní, “Lyle, wo ìdí irin yìí.”

Ó wò ó, ó wò mí, ó bú sẹ́rìn-ín. “Háà, ẹ gbà mí o. Vern ti rí ìyàwó tó sọnù.”

“Fún mi. Màá fún ẹ ní ìbọn méjì dípò rẹ̀. Mú èyí tó bá wù ẹ́.”

“Kí ni màá fi ìbọn méjì ṣe? Ọwọ́ mélòó ni mo ní? Irin yìí ti bá ìbọn mi gbé láti ìgbà tí mo wà nílé-ìwé. Wọ́n ti mọ ìwà ara wọn. Ẹni tó ń tún ìbọn ṣe nígbà náà ti rẹ́ ẹ títí ó fi bá a mu. Jẹ́ kí ìbọn tìẹ lọ fẹ́ ẹlòmíràn.”

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, èmi náà rẹ́rìn-ín. Mo bẹ̀ ẹ́ lọ́dún yẹn, mo bẹ̀ ẹ́ lọ́dún kejì. Mo bẹ̀ ẹ́ níbi ìsìnkú ìyá rẹ̀, ẹ gbọ́ ohun tí mo wí. Ó fọwọ́ lé mi léjìká, ó ní, “Vern, ìwọ yìí ò nítìjú rárá.” Kò bínú. Lyle kì í bínú. Èmi ni mo ń bínú sí i, bí ẹni pé òun ló jí nǹkan mi. Mo ń rí ìbọn rẹ̀ tó fi ń pa ehoro tí kò sì bìkítà fún nọ́ńbà, mo ń wí lọ́kàn mi pé irú ẹni báyìí kò yẹ lẹ́ni tí ń ní nǹkan. Ojúkòkòrò máa ń kọ́ èèyàn ní irú ìwàásù bẹ́ẹ̀.

Ẹ mọ àṣà wa. Bí a bá yìnbọn tán, olúkúlùkù á yọ irin rẹ̀, á tẹ́ ẹ sórí aṣọ funfun lẹ́gbẹ̀ẹ́ ìbọn rẹ̀, ọ̀gá pápá á sì rìn kọjá, á fọwọ́ kan ọ̀kọ̀ọ̀kan kó tó ní kí ẹ máa lọ. Ta ni ọ̀gá pápá? Èmi ni. Kò sí ẹni tó ń ṣọ́ ọwọ́ mi. Irin àtijọ́ kan wà nínú ahéré mi, mo mú un, mo fi òòlù tẹ nọ́ńbà tó wà lára irin Lyle sí ìdí rẹ̀, mo fi epo àti eérú pa á kó lè jọ ti tẹ́lẹ̀. Lọ́jọ́ Àìkú tó tẹ̀ lé e, mo rìn kọjá níbi tábìlì, mo fọwọ́ kan ti Lyle, mo mú tirẹ̀, mo fi tèmi sílẹ̀. Kò gbà ju kí èèyàn sín lọ. Ọ̀kánjúwà òun olè, déédéé ni wọ́n jẹ́.

Ẹ jẹ́ kí n sọ èyí kedere, kí ẹnikẹ́ni má baà gbèjà mi lẹ́yìn tí mo bá kú. Irin tí mo fún un ti jẹ. Eyín kékeré kan wà lára irin-ìtì tó ń di òòlù inú rẹ̀ mú títí a ó fi fa tírígà. Eyín ti irin yẹn ti jẹ, ó lè jẹ́ kí ìbọn dún láìfa tírígà. Mo mọ̀. Ìdí nìyẹn tí mo ṣe gbé e jù sínú ahéré látijọ́. Mo wí fún ara mi pé Lyle kì í yìnbọn púpọ̀ mọ́, pé ó lè má ṣe nǹkan kan. Mo sì lọ sílé, mo ti irin Lyle bọ ìbọn mi, mo jókòó tì í títí oúnjẹ mi fi tutù. Inú mi dùn. Mo fẹ́ kí ẹ mọ̀ pé inú mi dùn gan-an.

Kò pẹ́ tí Lyle fi wá bá mi nílé. Ó dúró lẹ́nu ọ̀nà, fìlà lọ́wọ́.

“Vern, nǹkan kan ṣe ìbọn mi. Mo kàn ti irin wọlé ni, ó dún. Ọpẹ́lọpẹ́ pé ilẹ̀ ni mo kọ ẹnu rẹ̀ sí.”

Mo ní, “Ìka ẹ ni. Ó ti ń gbọ̀n.”

“Ìka mi ò gbọ̀n.”

“Gbogbo arúgbó ló ń sọ bẹ́ẹ̀.”

Ó rẹ́rìn-ín, ó ní arúgbó ni bàbá mi. Ó wá ní òun fẹ́ gbé e lọ fún ẹni tó ń tún ìbọn ṣe ní Bathurst, nítorí Kerryn ti gba ìwé àṣẹ tí ọmọdé fi ń yìnbọn, òun sì fẹ́ fi ìbọn náà kọ́ ọ. Atúnbọnṣe á wo ìdí irin yẹn lẹ́ẹ̀kan péré, á mọ̀ pé wọ́n ṣẹ̀ṣẹ̀ tẹ nọ́ńbà sí i ni. Mo ní, “Ta ló ń lọ sí Bathurst nítorí èyí? Gbé e wá, màá bá ẹ wò ó.” Ó gbé e wá. Ó fọkàn tán mi. Ìbọn Lyle wà lórí tábìlì mi, irin rẹ̀ gan-an wà nínú ìbọn mi lára ògiri, kò ju kí n na ọwọ́ lọ. Ṣùgbọ́n wọ́n fẹ́ ṣe àfihàn ìbọn àtijọ́ ní ìlú kejì, Lyle kì í lọ síbẹ̀, mo sì ti sọ fún gbogbo wọn lọ́hùn-ún pé ìbọn mi ti pé. Mo wí fún ara mi pé tí àfihàn bá parí, màá dá a padà. Mo da epo sí irin tó ti jẹ, mo gbé ìbọn fún ọ̀rẹ́ mi. Mo ní, “Kò sí ohun tó ṣe é.”

Ọjọ́ Àìkú ni. Mo ti gbé ìbọn mi sínú ọkọ̀ nítorí pé láti pápá ni mo ti fẹ́ kọjá lọ sí àfihàn. Ross, ọmọ ẹgbẹ́ wa, ń dín sọ́séèjì àti àlùbọ́sà, òórùn rẹ̀ gba gbogbo pápá. Kerryn dùbúlẹ̀ lórí ẹní, Lyle kúnlẹ̀ lẹ́gbẹ̀ẹ́ rẹ̀. Ó ń bá a ṣàwàdà, mo gbọ́ ọ. Ó ní, “Bí o bá ta ọta kọjá ibi àmì, màá jẹ sọ́séèjì tìẹ.” Kerryn ní, “Bàbá àgbà, ẹ kàn ń wá ọ̀nà àtijẹ méjì ni.” Èmi ni mo pàṣẹ pé kí wọ́n kó ọta sí i. Lyle wí fún un pé, “Ti irin rẹ, kí o má fọwọ́ kan tírígà títí Vern á fi sọ̀rọ̀.” Bó ti ń tì í lọ, àpò yanrìn tó gbé ẹnu ìbọn lé bẹ̀rẹ̀ sí í yọ̀, Lyle na apá síwájú, ó tẹ̀ síwájú láti mú un. Irin dé ìdí. Ìbọn dún.

Ọta náà gba abẹ́ apá wọlé. Ẹ̀jẹ̀ kò pọ̀, ohun tó tan gbogbo wa jẹ nìyẹn. Kerryn ti dìde, ó gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, ó ń wí pé, “Mi ò fọwọ́ kàn án. Mi ò fọwọ́ kàn án.” Mo sáré lọ sídìí ọkọ̀ mi láti gbé àpótí ìtọ́jú. Ibẹ̀ ni mo ti rí ìbọn mi lórí ìjókòó. Ẹ̀yin ará, ọ̀rẹ́ mi ń kú lọ, mo sì dúró, mo yọ irin lára ìbọn mi, mo fi í sáàárín àwọn aṣọ ìdiọgbẹ́. Mo padà, mo fún Ross ní aṣọ pé kó tẹ ojú ọgbẹ́ mọ́lẹ̀. Iṣẹ́ ọ̀gá pápá ni láti yọ irin kúrò nínú ìbọn tó bá ṣe ìjàǹbá. Mo yọ ọ́, mo fi í sápò, mo tẹ́ èyí tó dára sórí aṣọ funfun. Ìṣojú yín ni mo ti ṣe é. Ẹ̀yin kan tilẹ̀ wí lẹ́yìn náà pé Vern fara balẹ̀ lọ́jọ́ náà.

Ọlọ́pàá gbé ìbọn lọ, wọ́n dán an wò títí, kò lábùkù kankan. Báwo ló ṣe máa lábùkù? Irin tó mọ ìwà rẹ̀ ló wà nínú rẹ̀. Wọ́n yọ́ àtìbọn àtirin níkẹyìn, ohun tí mo torí rẹ̀ pànìyàn sì di omi. A wá péjọ síbí láti wádìí ikú Lyle. Wọ́n ní kí ọ̀gá pápá sọ̀rọ̀. Kerryn jókòó sáàárín bàbá àti ìyá rẹ̀, ó wò mí, ó ní, “Bàbá Vern, ẹ mọ ìbọn ju gbogbo wọn lọ. Ẹ bá mi sọ fún wọn pé ó lè dún fúnra rẹ̀.” Àgbà kì í wà lọ́jà kí orí ọmọ tuntun wọ́. Èmi ni àgbà tó wà lọ́jà. Mo ní, “Ọmọ mi, ìbọn tó dáa kì í dún fúnra rẹ̀. Ìka rẹ ló yọ̀. Kò sẹ́ni tó máa nà ẹ́. Jẹ́wọ́, kí irọ́ má baà bà ẹ́ jẹ́.” Ohùn jẹ́jẹ́ ni mo fi sọ ọ́. Ẹ̀yin sì ń mi orí.

Fún ọdún kan gbáko ló fi ń wí pé òun ò fọwọ́ kàn án. Denise ò jẹ́ kó dá wà pẹ̀lú àbúrò rẹ̀ mọ́. Lẹ́yìn náà ló wá gbà pé ìka òun ló yọ̀. Ó wí fún mi ní ọsibítù pé nítorí kí ìyá òun lè sùn ni òun ṣe gbà, àti pé nígbà tó yá òun náà gbà á gbọ́.

Òun ló ń tọ́jú mi. Bó bá fẹ́ fún mi lóògùn, á kà á, á tún un kà, á tún pe nọ́ọ̀sì mìíràn kó wá wò ó. Mo fi í ṣẹ̀fẹ̀, mo ní, “Kerryn, ikú mi ti dájú, oògùn wo lo tún ń bẹ̀rù?” Ó ní, “Ọwọ́ mi ni mò ń bẹ̀rù, Bàbá Vern. Ó ti ṣe nǹkan kan rí láìjẹ́ kí n mọ̀. Ìdí tí mi ò fi bímọ nìyẹn.” Ó sọ ọ́ wẹ́rẹ́, bí ẹni ń sọ pé òun ò fẹ́ràn ata. Nígbà tó padà wá, mo sọ fún un. Ó ní, “Ẹ tún un sọ.” Mo tún un sọ. Ó gbé àwo oògùn kalẹ̀, ó jáde. Nígbà tí mo tún máa rí i, ohun kan ṣoṣo ló wí: “Màmá mi ṣì wà láyé. Ibi tí ẹ ti sọ ti àkọ́kọ́ ni ẹ ti máa sọ èyí.” Irin tó ti jẹ náà kò tíì sọnù, inú ahéré mi ló ń gbé láti ọjọ́ yìí, ó ti wà lọ́wọ́ ọlọ́pàá báyìí.

Ẹ̀yin ọ̀dọ́ tó ń kó ìbọn jọ, bí ohun ọlọ́hun bá ń wọ̀ yín lójú débi tí ẹ fi ń bínú sí ẹni tó ni ín, ẹ ta gbogbo tiyín, kí ẹ lọ máa gbin ewébẹ̀. Ẹ̀yin àgbà, ọ̀rọ̀ yín kò pọ̀ lẹ́nu mi. Ẹ gbọ́ ohùn ọmọdé, ẹ gbọ́ ohùn tèmi, ẹ mú tèmi.

Ó ku ẹyọ kan, Kerryn gan-an kò tíì gbọ́ ọ. N kò lè sọ ọ́ ní ọsibítù, ó wúwo ju gbogbo tó ṣáájú lọ. Nígbà tí ẹ ti mú Kerryn kúrò níbẹ̀, tí Ross sì sáré lọ pe ọkọ̀ aláìsàn, èmi nìkan ni mo kù lẹ́gbẹ̀ẹ́ Lyle, irin tó ti jẹ náà sì ti wà nínú àpò mi. Ó di ọrùn ẹ̀wù mi mú. Ó ní, “Vern, mò ń wo ọwọ́ ọmọ yìí. Ìka rẹ̀ wà lára igi ìbọn. Kò fọwọ́ kàn án. Sọ fún un. Má jẹ́ kó sùn láìgbọ́.” Mo ní, “Màá sọ fún un.” Ó gbà mí gbọ́, ó sì fi mí lọ́rùn sílẹ̀.

Denise, mo bẹ̀ ẹ́, yíjú sẹ́yìn, kí o wo ọmọ rẹ. Kerryn, bàbá àgbà rẹ rán mi níṣẹ́ sí ọ, mo pẹ́ kí n tó jẹ́ ẹ. Ó ní òun ń wo ọwọ́ rẹ. Ó ní o kò fọwọ́ kàn án. Dárí jì mí bí o bá lè ṣe é. Bí o kò bá lè ṣe é, gba bàbá àgbà rẹ gbọ́ ṣáá.